Ilé-iṣẹ́ Àbíkú: Ìtàn Ilẹ̀ àti Àgbẹ̀ Ìdílé ní Brasil

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní rúùmù ló ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń kàwé lóru ọjọ́ kan. Iná ti lọ bó ṣe máa ń lọ, àbẹ́là ni mo tàn. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí lò ń kà tó gbà ẹ́ lọ́kàn tó báyìí? Ṣé ẹ ní tẹ́ẹ̀sì lọ́la ni?" Mo ní rárá o, ìtàn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ni, èyí tó ń rí sí àtúnpín ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ìdílé ní orílẹ̀-èdè Brasil. Ẹ̀gbọ́n wò mí títí. "Brasil kẹ̀! Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Kí ló wá kàn ẹ́ kan ilẹ̀ wọn?" Wọ́n kọjú sógiri, wọ́n sùn lọ.

Mi ò rí èsì fọ̀ lóru ọjọ́ náà. Mo ti wá rí i báyìí, òun ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń jẹ́ da Silva tàbí Pereira nínú wa, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Bahia ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Salvador. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àtàwọn tó ti gba òmìnira dìde, wọ́n gbé idà, wọ́n kojú sójà àti ọlọ́pàá ní ìgboro. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, ìyẹn Yorùbá bíi tèmi tìẹ, ló pọ̀ jù nínú wọn, Mùsùlùmí sì ni àwọn tó ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtàn fi ń pè é ní ogun Malê. Ọ̀rọ̀ "ìmàle" wa náà ni wọ́n fi ahọ́n Potogí pè. Ogun ọ̀hún ò pẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìjọba ti borí. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na àwọn mìíràn ní ẹgba lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì kó àwọn mìíràn sọ́kọ̀ padà sí Áfíríkà.

Títí dé ibí yìí, ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ rí ní kíláàsì. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni òfin tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1835 yẹn kan náà, àwọn aṣòfin Bahia gbé òfin No. 9 jáde. Ó ní kí ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira máa san owó orí mil-réis 10 lọ́dọọdún. Ó tún ní, ẹ gbọ́ o, ọmọ Áfíríkà kankan ò gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀ tàbí ilé. Kì í ṣe ẹrú là ń bá wí níbí o. Ẹni tó ti kiri ọjà, tó ti ru ẹrù ní èbúté, tó ti ń tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ títí tó fi ra ara rẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ni. Ó ra ara ẹ̀ tán, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ra ibi tó máa dúró sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù, wọ́n wọkọ̀ ojú omi padà sí etíkun wa, sí Ouidah, sí Porto-Novo, sí Èkó. Àwọn là ń pè ní Àgùdà. Bẹ́ ẹ bá ti rìn dé Pópó Àgùdà ní Èkó rí, tẹ́ ẹ sì wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọnà ṣe lára wọn, ẹ rántí pé àwọn kan nínú ìran tó kọ́ wọn ti gbé ibi tí òfin ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ ní ilé.

Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún. Ọdún 53 lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ni ọmọ ọba, Isabel, fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo Brasil. Abala méjì péré ni òfin náà ní. Èkíní ní oko ẹrú parí láti ọjọ́ náà lọ; èkejì ní òfin yòówù tó bá ta ko èyí ti di asán. Ó tán. Kò dárúkọ ilẹ̀. Kò dárúkọ ọkọ́ tàbí àdá. Mi ò ní ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ kan náà o, ó ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Ṣùgbọ́n èmi ò lè ka ọ̀kan kí n má rántí èkejì.

Ta ló wá ni ilẹ̀ nígbà náà? Láyé ọba Potogí ni wọ́n ti ń bu ilẹ̀ fún ọlọ́lá. Ní 1534, ọba pín Brasil sí ọ̀nà 15, ó fi lé àwọn ọkùnrin 12 lọ́wọ́. Àwọn yẹn náà ń bu ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìlú lọ fún ẹni tó bá ní owó àti ẹrú tó lè fi dá oko ìrèké. Ọdún 1822 ni wọ́n dá ètò yẹn dúró. Láti ìgbà náà kò sí òfin kan pàtó, ẹni tó bá ti ṣán igbó ló ń jókòó tì í, àfi ìgbà tí 1850 dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fòfin de kíkó ẹrú wá láti Áfíríkà. Ọjọ́ 14 péré lẹ́yìn ẹ̀, òfin mìíràn tún jáde, No. 601, Òfin Ilẹ̀: ilẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba, rírà nìkan ni èèyàn lè fi gbà á láti ìgbà náà lọ. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti mọ̀ pé oko ẹrú máa parí lọ́jọ́ kan, wọ́n yáa ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ dè é. Ọ̀pọ̀ onítàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wá rí ọ̀nà tiwọn. Wọ́n á kọ ayédèrú ìwé ilẹ̀, wọ́n á kó o sínú àpótí pẹ̀lú ìrẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì dé e pa. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣí i, ìrẹ̀ á ti jẹ ẹ́ létí, á ti ṣu sí i lára, ìwé tí wọ́n kọ lánàá á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èyí tí baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Grilo ni Potogí ń pe ìrẹ̀, torí náà grileiro ni wọ́n ń pe ẹni tó bá fi ayédèrú ìwé gba ilẹ̀ títí dòní. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn náà mo rántí pé agbẹjọ́rò ló ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù, tí adájọ́ ń wò ó, tí ọlọ́pàá sì ń fi lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ro. Ẹ̀rín ò pa mí mọ́.

Ọkùnrin kan rí gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. André Rebouças lorúkọ rẹ̀, ẹ̀njiníà ni, èèyàn dúdú, ọmọ bíbí Bahia, 1838 ni wọ́n bí i. Kí 1888 tó dé ló ti ń kọ ọ́ nínú ìwé pé òmìnira láìsí ilẹ̀ ò tíì pé, pé kí wọ́n gé àwọn oko ńlá sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń fọwọ́ ro wọ́n, kí wọ́n sì máa gba owó orí lórí ilẹ̀ kó má bàa rọrùn fún olówó láti jókòó lé e lásán. Ní 1889, àwọn sójà lé ọba Pedro Kejì kúrò lórí oyè, Rebouças sì bá a lọ sí ìgbèkùn. Erékùṣù Madeira ló kú sí ní 1898. Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n dé Pernambuco ní 1955. Oko ìrèké àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Engenho Galiléia. Àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé lára ohun tó kó wọn jọ ni pósí. Pósí ti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n máa ń yá gbé òkú tálákà lọ sí itẹ́. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á tú òkú sínú kòtò, wọ́n á sì dá pósí padà fún ẹni tó kàn. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí fẹ́ kí ẹni wọn wọlẹ̀ pẹ̀lú pósí tirẹ̀. Onílẹ̀ gbọ́, ó bínú, ó fẹ́ lé wọn. Agbẹjọ́rò kan, Francisco Julião, dúró tì wọ́n, nígbà tó sì di 1959 ìjọba Pernambuco gba oko náà fún wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tàn káàkiri ìlà oòrùn àríwá Brasil bí iná ọyẹ́.

Ẹ̀rù ba àwọn onílẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1964, Ààrẹ João Goulart dúró níwájú èrò rẹpẹtẹ ní Rio de Janeiro, ó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìjọba gba àwọn ilẹ̀ ńlá tí wọn ò lò tó wà lẹ́bàá títì ìjọba àpapọ̀, ojú irin àti ìsédò. Kò pé ogúnjọ́ tí àwọn sójà fi lé e lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn sójà yìí náà ló tún fọwọ́ sí òfin àtúnpín ilẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Òfin tó dáa ni lórí ìwé. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ní 1970 wọ́n dá INCRA sílẹ̀, àjọ tó ń pín ilẹ̀, wọ́n sì la títì gba inú igbó Amazon kọjá. Dípò kí wọ́n gé oko olówó ní Pernambuco, wọ́n ní kí tálákà Pernambuco máa lọ ṣán igbó kìjikìji. Wọ́n ní ilẹ̀ tí kò léèyàn ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an, tó ti ń gbé inú igbó náà kí Potogí tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, a jẹ́ pé wọn kì í ṣe èèyàn nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbíkú ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1985, Ààrẹ José Sarney dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún àtúnpín ilẹ̀ nìkan, MIRAD ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣèlérí pé láàrin ọdún mẹ́rin, ìdílé mílíọ̀nù 1.4 máa rí ilẹ̀ gbà. Lọ́dún yẹn náà làwọn onílẹ̀ ńlá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, UDR, láti dènà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, ọkọ̀ òfuurufú já ní Pará, ó pa mínísítà náà, Marcos Freire, pẹ̀lú ọ̀gá àgbà INCRA. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba pa INCRA rẹ́. Ní 1989 wọ́n pa ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ rẹ́, àwọn aṣòfin sì tún jí INCRA dìde lọ́dún kan náà. Nínú ìdílé mílíọ̀nù 1.4 tí wọ́n ṣèlérí, àwọn tó gba ilẹ̀ ò tó 100,000.

Ohun kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ o: ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1988. Ó ní ilẹ̀ tí onílẹ̀ ò bá lò bó ṣe yẹ, ìjọba lè gbà á fún àtúnpín, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún ní àwọn tó ń gbé quilombo, ìyẹn ìletò àwọn ọmọ ẹrú tó sá tàbí tó tẹ̀dó sí ibi kan, ló ni ilẹ̀ tí wọ́n wà, kí ìjọba fún wọn ní ìwé rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn 1888 ni ẹnikan tó rántí kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sínú òfin fún wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko aláìnílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MST, ti wà nígbà yẹn. Ìlú Cascavel ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1984. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á wá oko ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ro, ìdílé ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á wọ ibẹ̀ lóru, wọ́n á fi igi àti ọ̀rá dúdú pàgọ́. Tí wọ́n bá lé wọn, wọ́n á kó àgọ́ sí ẹ̀bá títì, wọ́n á máa retí ìjọba. Àwọn mìíràn lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún lábẹ́ ọ̀rá yẹn, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n dá iléèwé sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn nínú rúùmù onípáànù ní oṣù Kẹta níbí, ẹ fojú inú wo abẹ́ ọ̀rá dúdú nínú oòrùn Pará.

Ní Pará yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1996, nǹkan bí 1,500 èèyàn, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Belém tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà láti bẹ gómìnà pé kí wọ́n fún àwọn ní oko kan tó ń jẹ́ Macaxeira. Macaxeira ni wọ́n ń pe ẹ̀gẹ́ lọ́hùn-ún. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dúró ní ibi tí títì ti ṣe kọrọdọ bí lẹ́tà S, nítòsí Eldorado dos Carajás, wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n ní kí ìjọba fún àwọn ní oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì. Ọlọ́pàá ni ìjọba rán. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àwọn kan gba apá ọ̀tún wá, àwọn kan gba apá òsì, wọ́n ká àwọn èèyàn mọ́ àárín. Èèyàn 19 ló kú níbẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan nínú wọn láti ibi tó sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí, àdá ara wọn ni wọ́n sì fi pa àwọn mìíràn. Nínú ọlọ́pàá tó lé ní 150 tó lọ síbẹ̀, ọ̀gá méjì péré ni ilé ẹjọ́ rí dá lẹ́bi, ọdún 2012 ni wọ́n sì tó ti wọn mọ́lé.

Ariwo gba ayé. Kí oṣù Kẹrin yẹn tó parí, Ààrẹ Fernando Henrique Cardoso ti yan mínísítà pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Raul Jungmann, ó sì yọ INCRA kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn, ó fi lé e lọ́wọ́. Ní 1999 sí 2000, ipò mínísítà pàtàkì yìí wá di ilé-iṣẹ́ ìjọba gidi, tí wọ́n sọ ní MDA. Mo fẹ́ kí ẹ rí i dáadáa: kì í ṣe pé olóṣèlú kan jí láàárọ̀, ó wá ro tálákà ro. Òkú 19 ló bí ilé-iṣẹ́ yìí. Oko Macaxeira tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún náà, ìjọba gbà á lẹ́yìn náà, wọ́n pín in. 17 de Abril ni wọ́n sọ ibẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin.

Kí wá ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe? Ó ṣe nǹkan o, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Láti 1996 ni ètò PRONAF ti ń yá àgbẹ̀ kékeré lówó ní èlé pọ́ọ́kú, ẹni tí báńkì ò jẹ́ wò lójú tẹ́lẹ̀. Ní 2003, lábẹ́ Lula, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀wà, mílíìkì, ẹ̀fọ́, ó ń kó o fún àwọn tí ebi ń pa. Ní 2006 òfin wá sọ ẹni tí àgbẹ̀ ìdílé jẹ́: ẹni tí oko rẹ̀ ò kọjá ìwọ̀n kan, tó jẹ́ pé òun àti ẹbí rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀, tí owó ilé rẹ̀ sì ń ti inú oko wá. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré létí wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin ò mọ orúkọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bèèrè nǹkan? Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó dùn mọ́ mi jù, òfin 2009 tó ní nígbà náà pé nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ iléèwé, ó kéré tán 30 nínú 100 gbọ́dọ̀ fi ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìdílé. Ọmọ àgbẹ̀ á wá jókòó ní kíláàsì, á máa jẹ iṣu bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀ náà, mi ò ní fi ìyìn pa á. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ilé-iṣẹ́ méjì ló ń jókòó sí Brasília fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti àgbà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti àwọn olóko sóyà àti olówó màlúù, ibẹ̀ sì ni owó tó pọ̀ wà. MDA ni ti àbúrò. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pín jẹ́ ilẹ̀ ìjọba nínú Amazon, níbi tí kò sí títì, kò sí ọjà, àwọn agégẹdú àti àwọn onírẹ̀ ọjọ́sí sì ń dúró deni. Ìyẹn ló pa Dorothy Stang, obìnrin ìjọ Àgùdà tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹni ọdún 73. Ó dúró ti àwọn àgbẹ̀ tí INCRA fún ní ilẹ̀ ní Anapu ní Pará. Wọ́n yìnbọn lù ú lójú ọ̀nà ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2005.

Oṣù Karùn-ún tún dé, ti 2016. Wọ́n yọ Dilma Rousseff sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Michel Temer gorí àga, lọ́jọ́ kìíní gan-an ó pa àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan rẹ́. MDA wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ àṣà náà wà níbẹ̀. Àwọn olórin àti òṣèré bá tú síta, wọ́n gba ọ́fíìsì ìjọba káàkiri, wọ́n ń kọrin tọ̀sán tòru. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Temer dá ilé-iṣẹ́ àṣà padà. Ti àgbẹ̀ kò padà. Mo fẹ́ràn orin, ẹ̀yin náà mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jáde lórí rédíò ni wọ́n gbọ́.

Ní 2019, Jair Bolsonaro kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹni tó sì fi ṣe akọ̀wé àgbà lórí ẹ̀ ni ẹni tó ti jẹ́ olórí UDR, ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ ńlá ọjọ́sí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí àtúnpín ṣe rí nígbà náà.

Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2023, Lula padà, ilé-iṣẹ́ náà sì jí. Wọ́n fi "àgbẹ̀ ìdílé" kún orúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Paulo Teixeira ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe mínísítà ibẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024 wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n ní yóò kan ìdílé 295,000 kí 2026 tó parí. Ẹ̀yin ẹ mọ àṣà wa. Ọmọ tó bá ń wá tó ń lọ, orúkọ là á fi dá a dúró. Ká ní èmi ni wọ́n bi ni, Kòsọ́kọ́ ni mi ò bá ní kí wọ́n sọ ọ́. Àgbẹ̀ ní ọkọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má rí ọkọ́ tí wọ́n á fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ yìí mọ́.

Ìṣirò tí Brasil ṣe ní 2017 fi hàn pé oko ìdílé tó mílíọ̀nù 3.9, nínú oko 100, wọ́n jẹ́ 77. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ò ju 23 nínú 100 lọ. Àwọn oko tó tó hẹ́kítà 1,000 sókè ò ju ẹyọ kan péré lọ nínú 100, àwọn ló sì ní nǹkan bí ìlàjì gbogbo ilẹ̀ oko ibẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n sì tó ka àwọn ará quilombo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Brasil ti ń ka èèyàn: wọ́n lé ní mílíọ̀nù 1.3. Bahia ló ní èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ tó ti ní ìwé nínú wọn ò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀kan nínú àwọn quilombo Bahia ni Pitanga dos Palmares, nílùú Simões Filho, kò jìnnà sí Salvador tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Olórí ibẹ̀ ni Bernadete Pacífico, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Bernadete. Ìyálórìṣà ni oyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń pè é nílé. Ní 2017 wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Lọ́dún yẹn náà ni INCRA wọn ilẹ̀ ìletò náà, tí wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde. Ìdílé tó lé ní 280 ni wọ́n kà síbẹ̀. Láti ibẹ̀, ìwé ń rìn láti tábìlì dé tábìlì. Ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó máa tì í lẹ́yìn ti kú nígbà yẹn, ó wá jí ní 2023. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ìyá Bernadete dúró níwájú olórí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Brasil, ó sọ fún un pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀. Ẹni ọdún 72 ni. Ìwé ilẹ̀ náà ò tíì jáde lọ́jọ́ tó kú, ọdún 188 lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin Bahia ní àwa ò gbọ́dọ̀ rà.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti jí, ohun tó kàn mí nìyẹn.